Oúnjẹ Àárọ̀ Nínú Ilé: Níbo Gan-an Ni Owó Ti Ń Jò?

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, kò sí ìdílé kan tí mo mọ̀ tí kò tíì jókòó tún ìṣirò oúnjẹ àárọ̀ wọn ṣe. Epo gbówó lórí, owó ọkọ̀ tẹ̀ lé e, náírà já wálẹ̀, ọjà sì le koko. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà. Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún kan, ká ní 1,500 náírà péré ni wọ́n ń ná sórí oúnjẹ àárọ̀ lójúmọ́. Kí oṣù tó parí, 45,000 ti lọ. Ṣé ohun tó kù ni wọ́n fẹ́ fi jẹ ọ̀sán àti alẹ́, tàbí òun ni wọ́n fẹ́ fi san owó ilé?

Àwọn kan ti fo oúnjẹ àárọ̀ pátápátá. Àwọn mìíràn dín in kù: búrẹ́dì tí ẹni méjì ń jẹ tẹ́lẹ̀, ẹni mẹ́rin ló ń pín in báyìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa ń ra ohun gbogbo ní wẹ́wẹ́, sáṣẹ́ẹ̀tì mílíìkì kan, sáṣẹ́ẹ̀tì Milo kan, ṣúgà inú ọ̀rá. Mo ti gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, ohun tí mo sì gbà gbọ́ nìyí: iye tí a san nígbà tí a ra oúnjẹ kọ́ ni iye tó jẹ́ wa. Ìgbà tí ebi bá tún padà dé ni ká tó ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó jẹ búrẹ́dì 200 náírà ní aago méje, tí ebi ń pa ní aago mẹ́sàn-án, tó tún fi 200 mìíràn ra bisikíìtì níléèwé, 400 náírà ló jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì tíì rí nǹkan gidi kan fi sínú. Tí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ohun tí à ń jẹ, ọ̀pọ̀ ohun tí a kà sí olówó pọ́ọ́kú ni yóò di olówó gọbọi.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ọ̀rọ̀ àìjẹun rárá kúrò lọ́nà. Àwọn ọmọ yunifásítì ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n ń pè é ní "zero-one-zero": àárọ̀ kò sí, ọ̀sán wà, alẹ́ kò sí. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, fífo oúnjẹ àárọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí kan kó ìwádìí mẹ́tàlá jọ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ, wọn kò sì rí i pé àgbàlagbà tó fo oúnjẹ àárọ̀ tìtorí bẹ́ẹ̀ sanra sí i bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún wa. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ló yàtọ̀. Ní àwọn abúlé kan ní Jàmáíkà, àwọn olùwádìí ń fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní oúnjẹ àárọ̀ fún odindi ọdún kan, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí kò rí i gbà. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1998, àwọn tó ń jẹun ń wá sí iléèwé déédéé ju àwọn yòókù lọ, àwọn tó kéré jù nínú wọn sì mọ ìṣirò sí i. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọmọdé, aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yẹ kí a tìtorí àtitọ́jú owó fi ebi àárọ̀ pa.

Búrẹ́dì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé sórí òṣùwọ̀n, nítorí òun ló gba ilé kan nílùú ńlá. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní 1913, ló sọ búrẹ́dì ṣíṣe di òwò ńlá l'Ékòó láti nǹkan bí ọdún 1921, tí àwọn èèyàn fi ń pè é ní ọba oníbúrẹ́dì. Láti ìgbà náà, ẹnu wa kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe é kò hù nílẹ̀ Yorùbá. Ìwọ̀nba tí àwọn àgbẹ̀ òkè ọya ń gbìn kò tó nǹkan, èyí tó pọ̀ jù ń ti òkè òkun bá ọkọ̀ ojú omi wá. Bí náírà bá já, búrẹ́dì á gbówó lórí. Bí Rọ́ṣíà bá gbógun ti Ukraine, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2022, oníbúrẹ́dì Mushin á gbọ́ ọ. Ìjọba Ọbásanjọ́ gbìyànjú kí wọ́n máa da ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ti àlìkámà, ìjọba Jonathan tún gbé e dìde ní 2012, síbẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́jà. Ó dùn mí, nítorí ẹ̀gẹ́ wa pọ̀ ju ti orílẹ̀-èdè èyíkéyìí lágbàáyé lọ.

Búrẹ́dì fúnra rẹ̀ gan-an kọ́ ló ń jẹ owó jù. Búrẹ́dì kì í dá wá. Ó ń béèrè tíì, tíì ń béèrè mílíìkì, mílíìkì ń béèrè ṣúgà, bọ́tà náà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ yìí ni à ń rà ní sáṣẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ sì ni owó ti ń jò jù nínú ilé wa. Ẹ mú sáṣẹ́ẹ̀tì mílíìkì kékeré kan, ẹ wo iye gíráàmù tí wọ́n kọ sí i lára, kí ẹ fi pín owó tí ẹ rà á. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rá ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ máa rí i pé ẹni tí kò lówó ló ń san owó jù lórí gíráàmù kan. Ẹ tún ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ ìyẹ̀fun funfun tí à ń pè ní mílíìkì, wọ́n ti yọ ọ̀rá wàrà kúrò, wọ́n sì fi ọ̀rá tó ti ara ewéko wá rọ́pò rẹ̀. Kò ní ṣe èèyàn ní nǹkan, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń sanwó mọ ohun tó ń rà.

Mi ò dá ẹni tó ń ra sáṣẹ́ẹ̀tì lẹ́bi. Ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ ojúmọ́ kò lè rí owó ọ̀rá ńlá kó jọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí mo rí tó ń ran irú wọn lọ́wọ́ ni kí ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ọgbà kan náà dáwó bí ẹni ń dá èésú, kí wọ́n ra èyí tó tóbi, kí wọ́n sì fi ṣíbí pín in lójú ara wọn. Ẹni tó bá jẹ́ pé ohun gbígbóná ló ń wá, tí kì í ṣe oúnjẹ, ewé tíì tó ń hù lẹ́yìn ilé tó o láìná kọ́bọ̀.

Kọ́sítáàdì kò gbà ju ìpínrọ̀ kan lọ. Alfred Bird, apoògùn kan nílùú Birmingham, ló ṣe é ní 1837, nítorí ẹyin kò bá ìyàwó rẹ̀ lára mu. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni, pẹ̀lú àwọ̀ àti òórùn dídùn. Nígbà tí a bá san owó kọ́sítáàdì, àgbàdo tí wọ́n ti bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ ni à ń rà, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ẹyin, kò sì sí ẹyin níbẹ̀. Ilé tó bá ń mu ú nítorí pé ó tètè ń jinná, mo lóye wọn. Ilé tó bá ń mu ú nítorí pé ó sàn ju ògì lọ, ẹ jọ̀wọ́, kò sàn jù ú.

Ògì náà kò ṣàìní àbùkù tirẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. A ń rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a jẹ́ kó tòrò. Nígbà tí a ń sẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣe ara lóore bá ẹ̀ẹ̀rí lọ, a sì kó ẹ̀ẹ̀rí fún ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ mímu nìkan kì í fi gbé ọmọ dé ọ̀sán. Àwọn ìyá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí onímọ̀ tó sọ ọ́. Ìdí tí wọ́n ṣe ń fi àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín tì í lẹ́yìn nìyẹn. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA n'Íbàdàn ti ń polongo ẹ̀wà sóyà káàkiri ilé àti ọjà, ilé ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì sì ṣe ògì oní-sóyà jáde. Nínú 100 gíráàmù sóyà gbígbẹ, nǹkan bí 40 jẹ́ purotéènì, kò sì sí ẹran tàbí ẹyin tó ń tà á ní owó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà ṣe é nílé kò le: kóńgò àgbàdo mẹ́ta sí kóńgò sóyà kan. Ẹ bọ sóyà náà lórí iná fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó bó èèpo rẹ̀, nítorí sóyà tí kò jinná kì í jẹ́ kí inú lo purotéènì rẹ̀ dáadáa, òórùn rẹ̀ sì máa ń lé ọmọdé sá. Lẹ́yìn náà, ẹ da á mọ́ àgbàdo tó ti rẹ̀, kó bá a lọ sílé ẹ̀lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù lórí ògì ni orí iná. Ẹ wo bí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe é. Ó kọ́kọ́ fi omi tútù díẹ̀ pò ó títí kò fi ní kókó mọ́. Ó wá dúró ti omi orí iná títí yóò fi hó dáadáa, tí ìdérí ìkòkò fi ń mì, kò gbà kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó da omi náà lé e lẹ́ẹ̀kan, ó ń fi ọwọ́ kejì rò ó, ẹ̀kọ sì dì lójú ẹsẹ̀, iná ti kú. Ẹni tó bá kánjú da omi tí kò tíì hó lé e, ẹ̀kọ rẹ̀ á máa ṣàn, á tún gbé e padà sórí iná, á máa rò ó kó má baà jóná, gáàsì á sì máa lọ. Kílò gáàsì kan ti kọjá 1,000 náírà lọ́pọ̀ ibi láti 2024, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tó bá ní fíláàsìkì tó dáa lè gbé omi hó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó ń se oúnjẹ alẹ́, kó dé e pa fún tíì àárọ̀. Fún ẹ̀kọ, á kàn nílò kó gbé omi náà padà síná fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ̀wà ni mo fọkàn sí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ó gbówó lórí ní 2023 àti 2024 débi tí ọ̀pọ̀ ilé fi yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ wọn. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Kílò ẹ̀wà gbígbẹ kan ní nǹkan bí 230 gíráàmù purotéènì nínú. Ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù mẹ́fà, kíréètì ẹlẹ́yin ọgbọ̀n sì jẹ́ 180. Èyí já sí pé kílò ẹ̀wà kan ju kíréètì ẹyin kan lọ. Ti ẹyin rọrùn fún ara láti lò, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀wà bá pàdé àgbàdo tàbí búrẹ́dì, ohun tí ọ̀kan kò ní ni èkejì fi ń kún un. Ẹ̀kọ àti àkàrà tí a bá nílẹ̀ kì í ṣe àdéédé.

Ẹ̀wà sísè alẹ́ àná, tí a mú gbóná láàárọ̀ tí a sì fi gàrí díẹ̀ tàbí búrẹ́dì jẹ, ni mo rí pé ó ń gbé èèyàn jìnnà jù lórí owó tó kéré jù. Rírẹ ẹ̀wà sómi kí a tó sè é ń dín àkókò orí iná kù. Ilé tí kò ní fíríìjì lè tọ́jú rẹ̀ di àárọ̀ bí wọ́n bá tún un gbé hó kí wọ́n tó sùn, tí wọ́n dé e pa, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi ṣíbí tó ti kan ẹnu rò ó. Mọ́ínmọ́ín náà ṣeé sè lálẹ́. Àkàrà ní tirẹ̀ gba òróró, òróró sì ni owó rẹ̀. Ẹ má fi òróró tó ti dúdú din lẹ́ẹ̀mẹrin nítorí àtiṣọ́wóná.

Lọ́jà, ojú ni kí ẹ fi wo kóńgò kí ẹ tó gbọ́ iye rẹ̀. Kóńgò mìíràn wà tí wọ́n ti fi òòlù lù nídìí tí ìdí rẹ̀ fi wọ inú. Ẹ̀wà á rọ́ gẹ̀gẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ lójú yín, nígbà tí ẹ bá délé tí ẹ sì dà á sínú tiyín, kò ní kún ẹnu. Ẹ ti ìka bọ inú rẹ̀ kan ìdí kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, tàbí kí ẹ gbé kóńgò tiyín dání. Àwọn oníṣòwò tó ń wọ̀n ọ́n pé kò ní bínú sí yín.

Àsìkò náà ní ipa tirẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá ni ẹ̀wà tuntun máa ń ti òkè ọya sọ̀ kalẹ̀, ìgbà náà ló yẹ kí ẹni tó bá rí owó ra tirẹ̀ pamọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí mi ò lè fi bò. Àwọn kan ń fọ́n oògùn apakòkòrò bíi Sniper àti ọtapíapíà sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Májèlé ni. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa ìgò kékeré Sniper lọ́jà gbangba ní 2019. Kò sí owó tí ilé kan lè tọ́jú lórí ẹ̀wà tó tó owó ilé ìwòsàn, ká má tíì sọ ti ẹ̀mí. Ẹ sá ẹ̀wà náà kó gbẹ, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí líle, ẹ mì í títí yóò fi kún dé ẹnu tí àyè afẹ́fẹ́ kò fi ní sí, kí ẹ dé e pa. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí atẹ́gùn mí. Ohun tó ń pa á nìyẹn, kò sì ní pa ọmọ.

Gàrí kò béèrè iná rárá, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là lọ́wọ́ ebi, akẹ́kọ̀ọ́ ni o, òṣìṣẹ́ ni o. Ṣùgbọ́n nínú 100 gíráàmù rẹ̀, purotéènì kò ju gíráàmù kan sí méjì lọ. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí àìsàn kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú tó ń ba ojú àti etí jẹ́, tó sì ń sọ ẹsẹ̀ di aláìlágbára, láàárín àwọn tó jẹ́ pé oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ ní gbogbo ìgbà. Ó so ó mọ́ sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ àti àìsí oúnjẹ gidi mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gàrí tó kan dáadáa tí wọ́n sì yan dáadáa kò ní májèlé tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà tàbí àkàrà méjì ló yẹ kó máa tẹ̀ lé e, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọdé ló ń mu ú. Gàrí àti ṣúgà lójoojúmọ́ kì í ṣe ìṣọ́wóná.

Iṣu àti ẹyin díndín ti di oúnjẹ Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ànàmọ́ ló yẹ kó gba ipò iṣu nígbà tí ó bá pọ̀ lọ́jà. Ó tètè ń jinná, kò sì béèrè ṣúgà.

Fún àwọn ènìyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìṣirò náà dorí kodò. Óòtì tó jẹ́ oúnjẹ olówó l'Ékòó, òun ló kéré lówó jù níbẹ̀: kílò kan sábà máa ń wà láàárín pọ́n-ùn kan sí méjì, purotéènì inú rẹ̀ sì fi púpọ̀ ju ti ògì lọ. Ògì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù Peckham, ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí oúnjẹ ilé ló yẹ kó rà á, kì í ṣe ẹni tó ń wá bí yóò ṣe dín ìnáwó kù.

Ó ku ẹnìkan tí a kò tíì kà mọ́ ìṣirò. Gbogbo oúnjẹ tó kéré lówó tí mo kà sílẹ̀ yìí ló gba ọwọ́: rírẹ, bíbó, lílọ̀, sísẹ́, jíjí ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ìyá nìkan ló ń fi oorun rẹ̀ san owó tí gbogbo ilé sọ pé àwọn tọ́jú. Ìṣirò tí kò ka wákàtí rẹ̀ sí owó, irọ́ ni. Obìnrin tó ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago méje, tó jẹ́ pé wákàtí kan nínú oorun rẹ̀ ni yóò fi bó ẹ̀wà, ó sàn kó ra àkàrà ní ìkòríta. Ìyá alákàrà fi iná kan àti òróró kan din fún àdúgbò, kò sí bí ilé kan ṣe lè bá a du iye rẹ̀. Iṣẹ́ oúnjẹ àárọ̀ wà nínú ohun tí a lè pín láàárín ara wa, a kò sì pín in.

Ìdílé kan wà ládùúgbò mi tí wọ́n ti ń pín in. Sátidé ni bàbá ń gbé àgbàdo àti sóyà lọ sílé ẹ̀lọ, nítorí òun ló ní ọ̀kadà. Àwọn ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin, ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín nídìí bàsíà kan náà, ìyá sì ń sẹ́ ògì tí wọn yóò mu láti Ajé títí di Ọjọ́bọ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ omi orí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń gbé omi kaná. Ní Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á ra ẹ̀kọ tútù àti àkàrà, kò sì sẹ́ni tó máa dáná.